Àkíyèsí ló yẹ kó ṣáájú orúkọ: Bí a ṣe lè tètè dá àmì ọ́tísìmù mọ̀ lára ọmọdé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sí ọjọ́ ìkómọjáde nìkan. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, àwọn ènìyàn a tún máa fún un ní orúkọ mìíràn tí kò sí nínú èyí tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, wọ́n lè pè é ní odi. Èyí tí a pè tí kò dáhùn, wọ́n lè pè é ní adití tàbí olóríkunkun. Èyí tí kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré, tí ń dá nìkan rẹ́rìn-ín ní kọ̀rọ̀ yàrá, wọ́n lè sọ pé emèrè ni, pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Kókó tí ìjíròrò yìí dá lé lórí ni pé, nínú àwọn ọmọ tí à ń pè ní orúkọ wọ̀nyí, àwọn kan wà tí ohun tó ń ṣe wọ́n ní orúkọ tirẹ̀, tí ó sì ní àmì tí òbí àti olùkọ́ lè fi ojú lásán rí kí ọmọ náà tó pé ọdún 3. Orúkọ náà ni ọ́tísìmù. Bí a bá ṣi orúkọ pè, a ó ṣi ọ̀nà gbà. Ọdún tí ọmọ bá sì lò lójú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, kò rọrùn láti gbà padà.

Ohun tí ọ́tísìmù jẹ́

Ọ́tísìmù kì í ṣe àrùn tí ń ràn, kì í sì í ṣe wèrè. Ó jẹ́ ọ̀nà kan tí ọpọlọ ènìyàn gbà dàgbà láti kékeré wá, tí ó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìyàtọ̀ náà máa ń hàn ní ọ̀nà méjì pàtàkì. Èkíní ni ìbáṣepọ̀ àti ìbánisọ̀rọ̀: bí ọmọ ṣe ń wo ojú ènìyàn, bí ó ṣe ń fi ọwọ́ àti ojú sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, bí ó ṣe ń lo èdè. Èkejì ni àṣetúnṣe àti ìfẹ́ sí ohun tí kì í yí padà, pẹ̀lú bí etí, ojú, ẹnu àti awọ ara rẹ̀ ṣe ń gba ohun tó wà ní àyíká rẹ̀.

Kò sí ọmọ méjì tí ọ̀rọ̀ wọn rí bákan náà. Òmíràn lè má sọ̀rọ̀ rárá títí tí yóò fi dàgbà. Òmíràn yóò sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́ kí ẹlòmíràn lè fèsì. Òmíràn nílò ìrànlọ́wọ́ nínú jíjẹ, wíwẹ̀ àti wíwọṣọ. Òmíràn yóò kàwé dé yunifásítì. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé ọ́tísìmù gbòòrò, pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tó ní ìrísí kan ṣoṣo.

Ibi tí ìmọ̀ nípa rẹ̀ ti wá

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ‘ara ẹni’ ni a fi ṣẹ̀dá orúkọ náà. Ní 1943, Leo Kanner, dókítà ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àwọn ọmọ 11 tí ó ti ṣàyẹ̀wò fún, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3. Àwọn ọmọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ náání ènìyàn, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ohun tí wọ́n tò nípò, wọn yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun kan wà nínú àpilẹ̀kọ náà tó yẹ kí olùkọ́ rántí: àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, adití ni a kọ́kọ́ rò pé wọ́n jẹ́. Àṣìṣe tí à ń ṣe nílé wa kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 1944, Hans Asperger ní ìlú Vienna kọ nípa àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí àjọṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ nira fún. Grunya Sukhareva, obìnrin oníṣègùn ní Moscow, ti kọ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú àwọn méjèèjì. Ní 1926 ni àpilẹ̀kọ tirẹ̀ jáde ní èdè Jámánì.

Fún ìgbà pípẹ́, ìyá ọmọ ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní òkè òkun ń dá lẹ́bi. Wọ́n ní ìyá tí kò fi ìfẹ́ hàn sí ọmọ ló fà á. Ìwé tí Bruno Bettelheim gbé jáde ní 1967 sì tan èrò yìí kálẹ̀. Bernard Rimland, tí òun fúnra rẹ̀ ní ọmọ tó ní ọ́tísìmù, ti ta ko èrò náà nínú ìwé tirẹ̀ ní 1964. Ní 1977 ni Susan Folstein àti Michael Rutter gbé ìwádìí wọn lórí ìbejì 21 jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú orí ìbejì kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, ọmọ kan ní ọ́tísìmù. Nínú orí ìbejì 11 tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì di wọ́n, 4 ni ó ti wà lára ọmọ méjèèjì. Nínú orí ìbejì 10 tí ó wá láti ara ẹyin méjì, kò sí èyí tí ó ti wà lára ọmọ méjèèjì. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé àjogúnbá ní ipa ńlá nínú ọ̀rọ̀ yìí, àti pé kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ìyá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára kò jẹ̀bi. Ní 1998, Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí à ń pè ní *The Lancet*, èyí tó mú kí àwọn òbí máa bẹ̀rù abẹ́rẹ́ tí ń dènà èéyi. Ní 2010, ìwé ìròyìn náà fagi lé àpilẹ̀kọ yìí. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Denmark ti ṣe ìwádìí lórí ọmọ tó lé ní 537,000, wọn kò sì rí i pé abẹ́rẹ́ náà ń fa ọ́tísìmù. Ohun tó ń dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ ni pé ọjọ́ orí tí ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ ni àmì ọ́tísìmù máa ń fojú hàn. Ohun méjì tó bọ́ sí àkókò kan náà kò fi dandan jẹ́ ìyá àti ọmọ.

Àwọn kan sì tún ń sọ pé àrùn òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1978, Victor Lotter gbé ìròyìn ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ọ́tísìmù ní ìlú 9 ní orílẹ̀-èdè 6 ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ó bá àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù pàdé nínú àwọn ọmọ dúdú tó yẹ̀ wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 127 ló ní ọ́tísìmù ní gbogbo ayé. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 500, àwọn ọmọ bíi 4 ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn mìíràn sì wà tí a kò mú wá sí ilé ẹ̀kọ́ rárá.

Àtẹ̀gùn ìdàgbàsókè ọmọ

Ẹni tó bá fẹ́ dé ìlú àtijọ́ lórí Òkè Ìdànrè, níbi tí ààfin àtijọ́ ti Ọwá wà, yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ẹnì kan lè yára gùn ún. Ẹlòmíràn lè jókòó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n orí àtẹ̀gùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìdàgbàsókè ọ̀pọ̀ ọmọ rí. Ọmọ tó kàn lọ́ra ń gun gbogbo àtẹ̀gùn náà, ó kàn ń pẹ́ ni. Ọmọ tó ní ọ́tísìmù lè yára gun àwọn kan, kí ó sì fo àwọn mìíràn. Ó lè rìn ní àkókò tó yẹ, ó lè mọ nọ́ńbà kí ó tó pé ọdún 3, síbẹ̀ kí ó má fi ìka tọ́ka sí ohunkóhun rí láti fi han ìyá rẹ̀. Àtẹ̀gùn tí ó fò yẹn ni kí a máa wò.

Bí ọmọ bá pé oṣù 9, bí a bá pe orúkọ rẹ̀, ó yẹ kí ó yíjú. Ó yẹ kí ayọ̀, ìbínú àti ìyàlẹ́nu máa hàn lójú rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa pé oṣù 12, ó yẹ kí ó máa wí wótowòto bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó máa juwọ́ sí ẹni tó ń lọ, kí ó máa na ọwọ́ méjèèjì sókè kí a lè gbé e, kí ó sì máa gbádùn eré àtẹ́wọ́ tí ìyá àgbà ń bá a ṣe. Nígbà tí ó bá fi máa pé oṣù 16, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ní oṣù 18, ó yẹ kí ó máa fi ìka tọ́ka sí ohun tó wù ú láti fi han ẹlòmíràn. Ní oṣù 24, ó yẹ kí ó lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ fúnra rẹ̀, bí i ‘omi tán’ tàbí ‘bàbá dé’, láìjẹ́ pé ó kàn ń gbe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ. Ní ọdún 3, ó yẹ kí ó máa kíyè sí àwọn ọmọ mìíràn, kí ó sì máa wọ inú eré wọn.

Àmì kan wà tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Bí ọmọ bá ti ń sọ̀rọ̀, tàbí tí ó ti ń juwọ́, tí ó sì wá pàdánù rẹ̀, a kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Ọjọ́ orí yòówù tí ọmọ náà lè wà, ẹni tó ti gun àtẹ̀gùn tí ó tún wá ń sọ̀ kalẹ̀ nílò kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ ìka títọ́ka yìí fẹ́ àlàyé díẹ̀ sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ni kò kà á sí. Oríṣi méjì ni. Ọmọ lè tọ́ka sí búrẹ́dì nítorí pé ebi ń pa á. Ó sì lè tọ́ka sí alángbá tó ń sáré lórí àpáta, kí ó wo alángbá náà, kí ó tún yíjú wo ìyá rẹ̀, bí ẹni pé ó ń sọ pé, ‘Ṣé ìwọ náà rí i?’ Kò fẹ́ jẹ alángbá. Ó fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun rí ohun tí òun rí. Oríṣi kejì yìí ni ó sábà máa ń ṣọ̀wọ́n lára ọmọ tó ní ọ́tísìmù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, kí ó gbé e lé orí agolo mílíìkì bí ẹni tó ń lo irinṣẹ́, láìwo ojú ìyá náà rárá.

Ohun tí àṣà wa lè fi hàn, àti èyí tó lè bò mọ́lẹ̀

Àwọn ìwé òkè òkun fi àìwo ojú ènìyàn sí ipò àkọ́kọ́ nínú àwọn àmì. Yorùbá náà gbà pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ló ń kọ́ ọmọ pé kí ó má ṣe tẹjú mọ́ àgbà. Ọmọ ọdún 6 tó sorí kọ́ níwájú olùkọ́ lè jẹ́ ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé. Nítorí náà, ìgbà ìkókó ni ó yẹ kí a wá àmì yìí, kí ẹ̀kọ́ ilé tó bẹ̀rẹ̀. Ìkókó tí ń mu ọyàn máa ń wo ojú ìyá rẹ̀. Bí a bá rẹ́rìn-ín sí i, òun náà a rẹ́rìn-ín. Fún ọmọ tó ti wà nílé ẹ̀kọ́, bí ó ṣe ń wo ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà eré ni kí olùkọ́ máa wò, kì í ṣe bí ó ṣe ń wo ojú olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà ní ìṣọ́ra tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan lè ní orúkọ tí bàbá sọ ọ́, oríkì tí ìyá àgbà ń kì í, àti orúkọ ìjọ. Kí a tó sọ pé ọmọ kò jẹ́ orúkọ rẹ̀, kí a bi àwọn ará ilé léèrè èwo ni wọ́n ń pè é jù. Kí a pè é láti ẹ̀yìn, ní àkókò tí kì í ṣe pé ohun ìṣeré gbà á lọ́kàn, kí a sì ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní ìdàkejì, àwọn nǹkan kan wà nínú àṣà wa tó jẹ́ àǹfààní fún ẹni tó fẹ́ ṣe àkíyèsí. Eré ìdáná jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ọmọ a bu iyẹ̀pẹ̀ sínú agolo, wọn a pè é ní àmàlà. Ọ̀kan a di ìyá, ọ̀kan a di bàbá, èyí tó kéré jù a di ọmọ. Eré àfarawé yìí sábà máa ń le fún ọmọ tó ní ọ́tísìmù. Ó lè wà láàárín wọn, kí ó máa to ìdérí ìgò ní ẹsẹẹsẹ, tàbí kí ó máa yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ìṣeré láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, láìfi ọkọ̀ náà ṣe ọkọ̀.

Kí a ṣọ́ra nípa àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú. Iye ọmọkùnrin tí à ń rí ọ́tísìmù lára wọn ju ti ọmọbìnrin lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ọ̀rọ̀ tiwọn ń farasin, nítorí pé wọ́n ń wo ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní igun kíláàsì, ìyìn ni à ń fún un, a kì í wádìí rẹ̀.

Èdè ọmọ náà

Ibi tí olùkọ́ èdè ti lè ṣèrànwọ́ jù lọ nìyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísìmù máa ń gbe ọ̀rọ̀ sọ bí odídẹrẹ́. Bí ìyá bá bi í pé, ‘Ṣé o fẹ́ mu omi?’, èsì rẹ̀ lè jẹ́, ‘Ṣé o fẹ́ mu omi?’ Lọ́jọ́ kejì, bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ó lè tọ ìyá rẹ̀ lọ, kí ó tún wí pé, ‘Ṣé o fẹ́ mu omi?’ Ohun tó ń sọ ni pé òun fẹ́ mu omi. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. Ọmọ náà kàn gbé e bí ó ṣe gbọ́ ọ ni, kò yí ‘o’ padà sí ‘mo’.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, irú ọ̀rọ̀ yìí lè mú ìyà wá. ‘O’ ni àgbà ń lò fún ọmọdé, ‘ẹ’ ni ọmọdé ń lò fún àgbà. Ọmọ tó ń dá ọ̀rọ̀ padà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un yóò máa sọ ‘o’ fún ìyá àgbà. Wọn yóò sì nà án nítorí àfojúdi tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Olùkọ́ tó bá mọ èyí yóò béèrè bóyá ọmọ náà ń gbe ọ̀rọ̀ sọ ni kí ó tó mú pàṣán.

Bí ọmọ bá ti dàgbà díẹ̀, àkànlò èdè ni yóò máa dà á láàmú. Olùkọ́ ní, ‘Ẹ fetí sílẹ̀,’ ọmọ náà sì tẹ orí mọ́ tábìlì. Àwọn yòókù a bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ a rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtumọ̀ tó hàn sí ojú ọ̀rọ̀ ni ọmọ náà gbà.

Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù pé èdè púpọ̀ ló dà ọmọ lórí rú: ẹ̀ka èdè Ìdànrè nílé, Yorùbá àjùmọ̀lò ní ọjà, Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́. Èdè méjì tàbí mẹ́ta kì í fa ọ́tísìmù. Kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti sọ fún ìyá pé kí ó dẹ́kun bíbá ọmọ rẹ̀ sọ èdè abínibí. Èdè tí ìyá mọ̀ dáadáa ni ó lè fi kọ ọmọ lórin, tí ó lè fi tù ú nínú, tí ó sì lè fi kọ́ ọ.

Ara, etí àti àṣetúnṣe

Ọmọ náà lè máa ju ọwọ́ fìrìfìrì bí inú rẹ̀ bá dùn, kí ó máa fi ìka ẹsẹ̀ rìn, tàbí kí ó máa pòòyì. Ó lè di etí méjèèjì bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ìlọta tàbí bí aago ilé ẹ̀kọ́ bá dún. Ó lè sunkún bí ẹni tí wọ́n ń gé lọ́bẹ nígbà tí wọ́n bá ń gẹ irun rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ funfun nìkan ni yóò jẹ. Bí a bá gba ọ̀nà mìíràn lọ sí oko kòkó, ó lè sùn sílẹ̀ kí ó má rìn mọ́. Òmíràn kò mọ ewu: ó lè rìn kúrò nílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, kí ó gba ọ̀nà mọ́tò tàbí etí àpáta lọ. Ní ìlú tí òkè yí ká bí Ìdànrè, èyí kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré.

Lórí Òkè Ìdànrè, ojú ẹsẹ̀ kan wà lára àpáta tí a mọ̀ sí ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ìtàn ìlú sọ pé ẹsẹ̀ yòówù tí a bá gbé sínú rẹ̀, ìbáà tóbi, ìbáà kéré, yóò bá a mu. Kò sí irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀ fún ọ́tísìmù. Àmì kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Ọmọ lè fi ìka ẹsẹ̀ rìn kí ohunkóhun má ṣe é. Ọmọ lè pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ nítorí pé etí rẹ̀ ń dùn ún. Ohun tí à ń wò ni àmì púpọ̀ tó wà pọ̀, láti ọ̀nà méjèèjì tí a mẹ́nu bà, tí ó sì ń hàn nílé àti níta fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tí orúkọ tí a ṣì pè ń fà

Muideen Bakare, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà. 2008 àti 2009 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Wọ́n rí i pé àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà gan-an gbà pé agbára àìrí ló ń fa ọ́tísìmù. Bí èyí bá lè rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó wọ aṣọ funfun, kò yẹ kí a bínú sí ìyá tó jẹ́ àgbẹ̀. Ní 2011, Bakare àti Kerim Munir tún kọ̀wé pé láàárín àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù tí à ń gbé wá sí ilé ìwòsàn ní Áfíríkà, àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ rárá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lára ohun tó lè fà á ni pé à ń pẹ́ kí a tó gbé wọn wá.

Níbo ni ọmọ ti máa ń wà kí ó tó dé ilé ìwòsàn? Bí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ emèrè, ilé adáhunṣe tàbí ilé wòlíì ni. Bí ó bá jẹ́ olóríkunkun, abẹ́ pàṣán ni. Bí ó bá jẹ́ odi, ẹ̀yìnkùlé ni, níbi tí àlejò kò ti ní rí i. Kò sí ẹni tó ní kí òbí má gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúrà kò ní kí a fi ebi pa ọmọ, kò ní kí a dè é mọ́lẹ̀, kò sì ní kí a má gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Iṣẹ́ olùkọ́

Olùkọ́ kì í ṣe dókítà, kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ kan ní ọ́tísìmù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni àkíyèsí. Kí ó mú ìwé kan, kí ó máa kọ ohun tó rí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta: ohun tí ọmọ ṣe, àkókò tí ó ṣe é, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, àti ohun tó tẹ̀ lé e. Kí ó kọ ohun tí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe pẹ̀lú. ‘Ó ń hùwà bákan’ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. ‘Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹfà, ó yíjú lẹ́ẹ̀kan’ wúlò.

Lẹ́yìn náà ni kí ó bá òbí sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, kì í ṣe ní ẹnu ọ̀nà níwájú àwọn òbí mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà lè lọ báyìí:

‘Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ yín mọ nọ́ńbà ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé bí mo bá pè é, kì í sábà yíjú, kì í sì í bá àwọn yòókù ṣeré. Báwo ló ṣe ń ṣe nílé?’

‘Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé orí ọmọ mi kò pé ni?’

‘Rárá o, mà. N kò sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ ohun tó fà á. Ohun tí mo rí ni mo kọ síbí. Mo fẹ́ kí ẹ mú un dání lọ bá dókítà, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò.’

Etí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò lóòótọ́. Ọmọ tí kò yíjú bí a bá pè é, ṣùgbọ́n tó sáré wá bí ó bá gbọ́ ìró ọ̀rá bisikíìtì, kò jọ adití. Síbẹ̀, kí a jẹ́ kí onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ìyá ní àǹfààní kan tí wọn kì í lò. Ọmọ Nàìjíríà ń gba abẹ́rẹ́ èéyi ní oṣù 9, ó sì tún ń gba èkejì ní oṣù 15. Àkókò méjì wọ̀nyí bá àtẹ̀gùn ìdàgbàsókè mu. Kí ìyá lo ọjọ́ náà láti sọ fún nọ́ọ̀sì pé, ‘Kò tíì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀,’ tàbí, ‘Kò tíì tọ́ka sí nǹkan.’

Láti Ìdànrè, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà nítòsí, ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ sí i, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ọmọdé wà ní UCH ní Ìbàdàn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun ti ṣiṣẹ́ takuntakun láti kọ́ àwọn mìíràn ní iṣẹ́ yìí. Àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Árò ní Abẹ́òkúta àti ní Yábàá ní Èkó. Ní ti ẹ̀kọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977 ti kọ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́ bí a ṣe ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Kò sí òògùn tó ń mú ọ́tísìmù kúrò, ẹni tó bá sì sọ pé òun ní in ń tan òbí jẹ ni. Ṣùgbọ́n ìkọ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ ohun tó fẹ́, kódà bí ó bá jẹ́ pé àwòrán ni yóò máa fi sọ ọ́. Kò sì di dandan kí olùkọ́ dúró de ìwé dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó fún ọmọ náà ní ìjókòó kan tí kì í yí padà. Kí ó ya àwòrán iṣẹ́ ọjọ́ náà sára ògiri, kí ọmọ lè mọ ohun tó kàn. Kí ó pàṣẹ ní gbólóhùn kúkúrú, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì fún un láyè láti ronú. Kí ó yan ọmọ onísùúrù kan tí yóò máa bá a lọ síbi eré. Bí ariwo bá pọ̀ jù, kí ó jẹ́ kí ó jáde síta díẹ̀.

Òfin wà lẹ́yìn ọmọ náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni wọ́n bu ọwọ́ lu òfin ìjọba àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn ènìyàn tó ní ìpèníjà ara àti ti ọpọlọ léèwọ̀. Òfin náà fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Nítorí náà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó bá sọ fún òbí pé kí ó gbé ọmọ rẹ̀ padà sílé, ẹ̀tọ́ ọmọ náà ló ń fi dù ú.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì lónìí tí wọ́n ti pè ní odi, ní olóríkunkun tàbí ní emèrè. Kí olùkọ́ rẹ̀ fi orúkọ wọ̀nyẹn sílẹ̀ ná. Kí ó pè é ní orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kí ó wò ó bóyá yóò yíjú, kí ó sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀.